Ọdún Kérésìmesì ní Èkó: Kí Ni A Fẹ́ Kí Àwọn Ọmọ Wa Rántí?

(Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ ìjáde òpin ọdún sọ níbi àpèjẹ ọdún kẹwàá ẹgbẹ́ wa)

Ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n fún wa láti sọ̀rọ̀ lórí Kérésìmesì ní Èkó. A mọ̀ pé ìrẹsì ti jinná lẹ́yìn gbọ̀ngàn, òórùn rẹ̀ ti dé ọ̀dọ̀ àwa náà, nítorí náà a kò ní pẹ́.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni wọ́n tọ́ dàgbà ní ìlú yìí: Muṣin, Súrùlérè, Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́ta, Ìsàlẹ̀ Èkó, Agége. Bí a bá jókòó tí ẹnìkan dárúkọ Kérésìmesì ìgbà èwe, kò sí ẹni tí kò ní ìtàn. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ara adìyẹ. Adìyẹ ọdún ìgbà náà kì í ṣe ohun tí a ń yọ nínú fìríìjì. Láàyè ni bàbá ń rà á wálé, nígbà tí ọdún bá ku bí ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin, wọn a sì so ó mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì ní ẹ̀yìnkùlé. Àwa ọmọ a máa fún un ní àgbàdo, a tilẹ̀ máa ń sọ ọ́ lórúkọ. Bí ilẹ̀ ọjọ́ ọdún bá wá mọ́, àwọn kan nínú wa a bú sẹ́kún. Ṣùgbọ́n kí ó tó di ọ̀sán, ẹni tó sunkún jù náà ni yóò kọ́kọ́ béèrè itan. (Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí bá wà lórí tábìlì yìí, ó mọ ara rẹ̀.)

Lẹ́yìn adìyẹ ni aṣọ. Télọ̀ Èkó kò yí padà láti ìgbà náà: òru ọjọ́ 24 ni yóò ṣì máa sọ pé bọ́tìnnì ló kù. Wọn a rán aṣọ náà tóbi díẹ̀, kí ó lè dé Àjíǹde, kí ó sì tún dé ọdún tó ń bọ̀. Awò ojú oníke, aago ọwọ́ tí kì í ṣiṣẹ́, bàtà tó ń dún kó-kó-kó. Ọyẹ́ á ti mú ètè wa bó, a ó sì máa ti ojúlé dé ojúlé, a ó kí ará àdúgbò, wọn a fún wa lówó ọdún. Báńgà ń dún níbi gbogbo, títí ìjọba fi fòfin dè é, ìyá wa kò sì sunkún rẹ̀.

Ohun tí a rántí jù lọ ni abọ́. Ìyá wa á bu ìrẹsì sínú abọ́, á fi ẹran lé e, á da aṣọ bò ó, á ní kí a gbé e lọ sí ilé Àlhájì, kí a gbé òmíràn lọ fún ìyá tó ń ta ẹ̀kọ, kí a gbé òmíràn fún ará Ìbò tí kò lè lọ sílé lọ́dún yẹn. Bí Iléyá bá dé, abọ́ yẹn á padà wá pẹ̀lú ẹran àgbò. Nínú ẹgbẹ́ yìí, Mùsùlùmí wà, Kìrìsìtẹ́nì wà, àwọn tó ń ṣe ti baba wọn náà wà. Kò sí ẹnì kankan nínú wa tí kò jẹ ìrẹsì Kérésì dàgbà.

Ìjáde wá kù. Ọjọ́ kejì ọdún ni ti ìjáde. Àwọn tí bàbá wọn rí jájẹ díẹ̀ á lọ sí ilé ìtajà Kingsway ní Mẹ́rínà láti tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ rí Bàbá Kérésì. Àwọn yòókù á lọ sí Bar Beach, a ó gun ẹṣin, a ó jẹ iyanrìn mọ́ búrẹ́dì, ẹ̀rù omi á máa ba ìyá wa. Lónìí, wọ́n ti fi iyanrìn dí etíkun náà, Eko Atlantic ni wọ́n ń kọ́ síbẹ̀. Àwa ará Ìsàlẹ̀ Èkó ní tiwa ní Kérétà. Àwọn Àgùdà ló mú un wá, ìyẹn àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bràsíílì tí àwọn àti ọmọ wọn padà sílé láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún. Pópó Àgùdà ni wọ́n tẹ̀dó sí, ní Campos àti àyíká rẹ̀, níbi tí ilé olójú fèrèsé bìrìkìtì wọn ṣì kù díẹ̀ di òní. Bí wọ́n bá gbé Kérétà jáde, fèrè á máa dún, ìlù á máa dún, àdúgbò kọ̀ọ̀kan á wọ aṣọ àwọ̀ tirẹ̀. A kò san kọ́bọ̀ láti wò ó. Ẹsẹ̀ wa la fi rìn débẹ̀.

Ti ìsinsìnyí, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Bí oṣù Kejìlá bá ti wọlé, àwọn ará òkè òkun á dé, owó ohun gbogbo á fò sókè, gó-sìló á bẹ̀rẹ̀ láti orí afárá kan dé èkejì. Iná ọdún tí wọ́n máa ń tàn sí òpópónà Ajose Adeogun lẹ́wà lóòótọ́, a ti kó ọmọ lọ wò ó, ọ̀fẹ́ sì ni. Kìkì pé a lo wákàtí mẹ́ta nínú ọkọ̀, a lo ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nídìí iná, àwọn ọmọ sì sùn lọ kí a tó débẹ̀.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ kan wà tí a ní láti sọ. Ẹni tí ó kàn ti fún wa láyè, ó ní kí a ṣáà má dárúkọ òun.

Ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, inú ọgbà ọmọ ẹgbẹ́ kan la ti ń ṣe ọdún àwọn ọmọ, ìkòkò méjì, àga àyálò. Ní ọdún kẹrin, a ní ojú wa ti là. A gba etíkun aládàáni kan, a yá bọ́ọ̀sì, a yan aṣọ ẹgbẹ́ fún bàbá, fún ìyá, fún ọmọ, a bu iye owó lé orí kọ̀ọ̀kan. Ní ìpàdé oṣù Kọkànlá, akọ̀wé dìde, ó ka orúkọ àwọn tí kò tíì san. Àwa la ní kó kà á. Arákùnrin wa yìí dìde, ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun àti ìdílé òun ń lọ ṣọdún nílé, lábúlé. A ní kó kí wọn.

A lọ sí etíkun, a ya fọ́tò, ó dùn. Ní ọjọ́ 27, méjì nínú wa gbé ẹ̀bùn ìdílé rẹ̀ lọ sílé rẹ̀, a rò pé a ó fi sílẹ̀ fún aládùúgbò. Àgádágodo wà lẹ́nu ilẹ̀kùn láti ìta. Bí a ti ń yí padà, kọ́tìnnì ṣí díẹ̀, a gbọ́ ohùn ọmọdé: “Dádì, àwọn ọ̀rẹ́ yín ti dé. Ṣé a ti dé láti abúlé báyìí?”

Láti ọjọ́ 24 ni wọ́n ti wà nínú ilé náà, òun, ìyàwó àti ọmọ méjì. Aládùúgbò ló ń bá wọn ti ilẹ̀kùn láti ìta. Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láti oṣù Kẹjọ. Ó ń wá sípàdé lóṣooṣù, ó ń san owó oṣù, àṣé ó ń yá a ni.

Àwọn kan nínú wa sọ nígbà náà pé ó yẹ kó sọ fún wa. Àwa náà wà lára àwọn tó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n níbo ni ì bá ti sọ ọ́? Níbi tí a ti ń ka orúkọ? Ọdún méjì ni kò fi yọjú sí wa mọ́. A gbé ìrẹsì lọ, a gbé owó lọ, kò gbà á. Ní ọdún keje, nígbà tí alága àná lọ jókòó tì í láìmú nǹkan dání, tó sì tọrọ àforíjì, ló tó padà. Láti ìgbà náà ni a ti dẹ́kun àtimáa ka orúkọ. Àpótí kan ni à ń gbé kalẹ̀, oníkálukú á fi ohun tí agbára rẹ̀ gbé sínú àpòòwé tí kò ní orúkọ. Akápò wa lè jẹ́rìí pé ohun tó ń wọlé kò dín sí ti tẹ́lẹ̀.

Ìdí tí a fi ń sọ ọ́ lónìí ni pé a ti gbọ́ pé àwọn kan ń gbèrò hòtẹ́ẹ̀lì ńlá àti aṣọ ẹgbẹ́ tuntun fún Kérésìmesì yìí, torí pé a pé ọdún mẹ́wàá. A kò bá wọn jà. Ẹni tó bá fẹ́ jó ní hòtẹ́ẹ̀lì, kó jó, kó mú ọjọ́ mìíràn, a ó sì wá wòran. Ṣùgbọ́n ọjọ́ 26 jẹ́ ti àwọn ọmọ, èyí tí ìgbìmọ̀ wa sì dá lábàá nìyí.

A ó pàdé ní Mile 2 ní òwúrọ̀, a ó wọ ọkọ̀ ojú irin Blue Line tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹsàn-án 2023, a ó sọ̀ ní Mẹ́rínà. A ó béèrè àkókò ìrìn wọn ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, ẹgbẹ́ ni yóò sì sanwó sínú káàdì Cowry tí a ó fi wọlé. Láti ibẹ̀, ẹsẹ̀ ni. A ó fi Kàtídírà Mẹ́rínà hàn wọ́n, a ó yà sí Freedom Park tó jẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n nígbà ayé òyìnbó, a ó sì rìn dé Campos. Bí a bá bá Kérétà pàdé, ó dára. Bí a kò bá bá a pàdé, ilé àwọn Àgùdà wà níbẹ̀, ẹnu wa náà wà níbẹ̀. Àìrìn pọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà. Àwọn ọmọ wa mọ Dubai lórí fóònù, wọn kò mọ Pópó Àgùdà. Kí òbí kọ̀ọ̀kan kọ nọ́ḿbà fóònù rẹ̀ sínú àpò ọmọ rẹ̀, nítorí èrò. Aṣọ tó bá wù yín ni kí ẹ wọ̀.

Oúnjẹ di ọ̀sán, nígbà tí a bá padà. Àwọn ìyàwó wa tó jẹ́ Mùsùlùmí ti ní àwọn ni yóò se ti ọdún yìí, kí àwọn onígbàgbọ́ sinmi, wọ́n sì ti ń bèèrè lọ́wọ́ wọn ohun tí wọn yóò sè ní Iléyá. Ọgbà tí a ó ti jẹun kò jìnnà sí Mile 2. Arákùnrin wa tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ló fi í sílẹ̀ fún wa. Ó ní bẹ́ǹṣì wà ní ẹ̀yìnkùlé òun, adìyẹ yóò sì ti wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ láti ọjọ́ 23, kí ẹni tó bá ní ọmọ kéékèèké kó wọn wá, kí wọ́n mú àgbàdo dání.