Ìrìn Àjò Owó Pọ́ọ́kú sí Àjàṣẹ́

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi àjọ̀dún ọdún kẹwàá ẹgbẹ́ wa, Ìlórò-Èkìtì

   Ọdún mẹ́wàá kì í ṣe ọjọ́ mẹ́wàá.

Wọ́n ní kí a sọ̀rọ̀ ṣókí lórí ìrìn àjò tí a fi ṣíde ọdún yìí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti bi wá léèrè pé kí ló dé tí ẹgbẹ́ tó tó báyìí fi gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, tó wọ ọkọ̀ èrò lọ sí Àjàṣẹ́, tí àwọn òyìnbó ń pè ní Porto-Novo. Ìdáhùn wa rèé.

Nígbà tí a jókòó lórí ọ̀rọ̀ ọdún kẹwàá, àwọn kan láàárín wa ní kí a wọ bàálù lọ sí Dubai. Wọn kò fi ibi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n inú ẹgbẹ́ yìí ni olùkọ́ wà, àgbẹ̀ wà, aránṣọ wà, awakọ̀ wà, dókítà náà wà. Bí owó orí bá ti ga jù, ẹni tí kò ní kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Ńṣe ló máa ń dákẹ́, tí a ó sì máa wá a tì ní ìpàdé. Ọjọ́ orí ló kó wa jọ, kì í ṣe àpò. Nítorí náà a fi òfin kan lélẹ̀: ohun tí agbára ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kúrú jù bá ká, òun ni gbogbo wa yóò san, díẹ̀díẹ̀, fún oṣù mẹ́fà. Yàrá kan náà, oúnjẹ kan náà, ọkọ̀ kan náà.

A yan Àjàṣẹ́ nítorí pé ìlú àtijọ́ ni, ó sún mọ́ wa, èdè wa sì wà níbẹ̀. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ṣe ní 1979 fún wa láyè láti wọ ibẹ̀ láìgba físà, kí a sì lò tó àádọ́rùn-ún ọjọ́. Ìwé ìrìnnà àti káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú la mú dání. A gba Ìbàdàn àti Ọ̀tà dé Ìdí-Ìrókò, a kọjá sí Ìgòlò. Láti ibẹ̀, ọ̀nà Àjàṣẹ́ kò jìn mọ́. A pàrọ̀ owó wa sí sẹ́fà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, akápò wa sì ń ná an lójú gbogbo wa. Ìrẹsì àti ẹ̀wà, àkàsà àti ẹja lẹ́bàá ọ̀nà la jẹ. Ẹsẹ̀ la fi rin àárín ìlú. Ibi tó bá jìn la gun ọ̀kadà dé, zémidjan ni tiwọn ń jẹ́. A máa ń dúnàá-dúrà kí a tó gùn ún.

Àǹfààní ẹsẹ̀ rírìn ni pé ojú ń ríran, ẹnu sì ń bá èèyàn sọ̀rọ̀. Ìyá àgbà kan tó ń ta àkàsà gbọ́ Yorùbá lẹ́nu wa, ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ibo lẹ ti wá?” Nígbà tí a ní Èkìtì, ó rẹ́rìn-ín, ó fi èènì sí i. Ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ńlá tí wọ́n ti dígí rẹ̀ kò ní gba èènì yẹn.

A dé Honmè, ààfin àtijọ́ tí wọ́n sọ di ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Ìlú yìí ni Ọba Toffa ti jọba láti 1874 títí di 1908. A rí mọ́ṣáláṣí ńlá tó jọ ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn Àgùdà, ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil tí wọ́n padà wálé, ni wọ́n mú irú ilé kíkọ́ bẹ́ẹ̀ bọ̀. Ìlú yìí náà ni Samuel Bilewu Oshoffa ti dá ìjọ Sẹ̀lẹ́ sílẹ̀ ní 29 Oṣù Kẹsàn-án 1947. Ibi tó sì dá àwọn àgbẹ̀ inú wa dúró pẹ́ jù ni Songhai, oko ẹ̀kọ́ tí Fadá Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní 1985. Ìgbẹ́ ẹran ń di ajílẹ̀ níbẹ̀, ohun tí à ń dànù ń di owó. Ọmọ ẹgbẹ́ wa tó ń sin adìyẹ kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Dókítà wa ló tọ́jú ẹni tí inú ń run lọ́nà. Awakọ̀ wa ló mọ ọkọ̀ tí kò yẹ kí a wọ̀. Aránṣọ wa, tó ti bí ọdún méjì kò yọjú sí ìpàdé, ló fi Faransé díẹ̀ tó gbọ́ ṣe ògbufọ̀ fún wa. Ká ní Dubai la lọ, a kò bá má mọ̀ pé ó gbọ́ Faransé.

Àbá wa nìyí fún ẹgbẹ́ tó ń bọ̀ lẹ́yìn: kí ẹ tó dá owó, ẹ wo ojú ẹni tó jókòó lẹ́yìn pátápátá. Bí Àjàṣẹ́ bá jìn, Òkè-Ìmẹ̀sí, ìlú Fábùnmi, wà nítòsí wa níbí. Ìmẹ̀sí-Ilé náà wà, níbi tí ìtàn ogun Kírìjì ti 1877 sí 1886 kò tíì parẹ́. Omi Àrìnta náà wà ní Ìpólé-Ìlórò.

 Ọdún tó ń bọ̀, a ó tún pé jọ, ẹnì kankan nínú wa kò ní dín. Ìlórò á dùn, Èkìtì á gbòòrò. Àmín.