Ìbẹ̀rù Àyẹ̀wò Abẹ́ Nígbà Ìrọbí: Ohun Tó Yẹ Kí Gbogbo Ìdílé Mọ̀

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé àwọn tọkọtaya àti àwọn aboyún)

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe èyí tí a sábà máa ń gbọ́ nínú ìjọ. Ẹlòmíràn lè máa rò ó lọ́kàn pé kí ni ọkùnrin ń wá nínú ọ̀rọ̀ yàrá ìbímọ. Èsì mi ni pé ọkọ ni wọ́n ń bi ní owó ilé ìwòsàn, pásítọ̀ ni wọ́n sì ń jí lóru pé kó gbàdúrà. Bí a bá wúlò fún owó àti àdúrà, ó yẹ kí a wúlò fún ìmọ̀ pẹ̀lú.

Àwọn baba ńlá wa mọ̀ pé ìbímọ ní ewu. Ìdí nìyẹn tí a fi ń kí ìyá ìkókó pé, "Ẹ kú ewu ọmọ." Ṣùgbọ́n ẹ̀rù kan wà tí a kò ní ìkíni fún, tí obìnrin púpọ̀ kì í sọ síta, àní fún ọkọ wọn. Òun ni ẹ̀rù àyẹ̀wò abẹ́, ìyẹn àyẹ̀wò tí agbẹ̀bí tàbí dókítà máa ń fi ìka méjì ṣe lójú ara obìnrin tó ń rọbí.

Ẹ má ṣe pe ọ̀rọ̀ yìí ní kékeré. Nítorí ẹ̀rù yìí, àwọn kan ń jókòó sílé títí ìrọbí yóò fi wọ̀ wọ́n lára kí wọ́n tó lọ sí ilé ìwòsàn. Àwọn mìíràn kì í lọ rárá. Nígbà tí wọ́n bá fi máa gbé wọn dé ọ̀dọ̀ dókítà, ọ̀rọ̀ lè ti bọ́ sórí. Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé ni èyí: ìbẹ̀rù yìí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, kì í sì í ṣe àìní ìgbàgbọ́. Ohun méjì ló ń mú un rọlẹ̀: ìmọ̀ àti ìyọ̀ǹda. Kí obìnrin mọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe sí òun, kí wọ́n sì gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó ṣe é.

KÍ NI WỌ́N Ń WÁ NÍBẸ̀?

Ilé ọmọ dà bí ìkòkò tí a dojú rẹ̀ kọ ilẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni ẹnu rẹ̀ wà. Ní gbogbo ìgbà tí oyún fi ń dàgbà, ẹnu yìí máa ń wà ní pípadé. Bí ìrọbí bá dé, inú tó ń mú obìnrin náà ló ń ṣí i díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi ṣí tó sẹ̀ǹtímítà 10, kí orí ọmọ lè ráyè kọjá.

Ojú kò lè rí èyí láti ìta. Agbẹ̀bí á fọ ọwọ́ rẹ̀, á wọ ìbọ̀wọ́ tó mọ́, á sì fi ìka méjì wò ó. Ó ń wo bí ẹnu ilé ọmọ ṣe ṣí tó, bí orí ọmọ ṣe sọ̀ kalẹ̀ tó, ibi tí ọmọ dojú kọ, àti bóyá omi ti já. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ju ìṣẹ́jú kan tàbí méjì lọ. Wọ́n á wá kọ ohun tí wọ́n rí sórí ìwé tí wọ́n fi ń tọpa ìrọbí, kí wọ́n lè tètè mọ̀ bí ọ̀nà bá há fún ọmọ. Ìrọbí tí ọ̀nà há, tí ẹnikẹ́ni kò tètè mọ̀, lè pa ìyá àti ọmọ. Bí ìyá bá sì yè é, ó lè di ẹni tí ìtọ̀ ń dà lára rẹ̀ láìdáwọ́ dúró.

Nínú ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2018, wákàtí 4-4 ni wọ́n dámọ̀ràn àyẹ̀wò yìí, nígbà tí ìrọbí bá ti gbéra dáadáa, ìyẹn láti sẹ̀ǹtímítà 5 lọ sókè. Ó lè yá jù bẹ́ẹ̀ lọ bí nǹkan bá yí padà, bí àpẹẹrẹ, bí ọkàn ọmọ kò bá lù dáadáa mọ́. Ṣùgbọ́n wọn kò fẹ́ kí ènìyàn púpọ̀ máa ti ọwọ́ wo obìnrin kan náà léraléra, pàápàá bí omi bá ti já, nítorí ó lè gbé àrùn wọlé.

Ìlànà kan náà sọ pé kò tọ́ kí a máa retí pé ẹnu ilé ọmọ gbogbo obìnrin yóò máa ṣí ní sẹ̀ǹtímítà kan ní wákàtí kan. Ti ẹlòmíràn máa ń lọ́ra ju bẹ́ẹ̀ lọ, tí ìyá àti ọmọ yóò sì wà ní àlàáfíà. Nítorí náà, bí wọ́n bá wò ọ́ ní àárọ̀ tí wọ́n ní 4, tí wọ́n tún wò ọ́ ní ọ̀sán tí wọ́n ní 5, má ṣe rò pé o ti kùnà. Àyẹ̀wò ni, kì í ṣe ìdánwò. Ẹnikẹ́ni kì í fìdí rẹmi níbẹ̀.

ẸKÚN KÌ Í DÉDÉ SUN

Ìbẹ̀rù yìí ní orísun. Láti kékeré ni a ti ń kọ́ ọmọbìnrin pé kó bo ara rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo, a wá ní kó ṣí ẹsẹ̀ níwájú ẹni tí kò mọ̀ rí. Òmíràn, àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe fún un nígbà àkọ́bí dùn ún, kò sì tíì gbàgbé. Òmíràn, wọ́n dábẹ́ fún un ní kékeré, ojú ọgbẹ́ náà sì ń fún un ní ìrora títí di òní.

Àwọn kan sì wà tí ẹnì kan ti fi ipá bá lò rí. Bí wọ́n bá ti fọwọ́ kàn wọ́n níbẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún púpọ̀ sẹ́yìn á padà wá sí ara wọn bí ẹni pé òní ni. Ẹ rántí Támárì, ọmọ Dáfídì. Lẹ́yìn tí wọ́n ṣe é níbi tán, ńṣe ni Ábúsálómù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kó dákẹ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a ṣe bí Ábúsálómù sí àwọn obìnrin wa.

Ìwà àwọn òṣìṣẹ́ kan náà wà níbẹ̀. Gbogbo wa la ti gbọ́ èébú yàrá ìrọbí: "Nígbà tí ìwọ àti ọkọ rẹ ń ṣe é, ṣé o pariwo báyìí?" Ní ọdún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ àbájáde ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà, Gánà, Gínì àti Myanmar. Nínú àwọn àyẹ̀wò abẹ́ tí wọ́n fojú rí, ìdá 59 nínú 100 ni wọ́n ṣe láìgba àyè lọ́wọ́ obìnrin náà. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe ojo ló ń ṣe àwọn ìyá wa.

ẸNU ẸNI LA FI Ń KỌ MÉ-JẸ

Nígbà tí Bátíméù afọ́jú ń ké pe Jésù lẹ́bàá ọ̀nà, gbogbo ayé ló rí i pé afọ́jú ni. Síbẹ̀ Olúwa kọ́kọ́ bi í léèrè ohun tó fẹ́ kí òun ṣe fún un. Bí ẹni tó mọ ohun gbogbo bá lè béèrè kó tó woni sàn, ta ni nínú àwa ènìyàn tí kò yẹ kó béèrè?

Òfin ilẹ̀ wa náà wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 sọ pé kí òṣìṣẹ́ ìlera ṣàlàyé fún aláìsàn ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, àǹfààní rẹ̀ àti ewu rẹ̀, kó sì jẹ́ ní èdè tó yé e níbi tí ó bá ti ṣeé ṣe. Ó tún sọ pé aláìsàn lè kọ̀, kí wọ́n sì ṣàlàyé ohun tí kíkọ̀ náà lè fà fún un. Nítorí náà, ìyá tó bá sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná, ẹ ṣàlàyé fún mi," kò ya aláìgbọràn. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ló ń béèrè. Àwọn àgbà sì ní ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ mi yé o. N kò ní kí ẹ lọ máa bá nọ́ọ̀sì jà, n kò sì ní kí ẹ kọ àyẹ̀wò. Bí ìdí tó lágbára bá wà, àyẹ̀wò náà lè gba ẹ̀mí là. Ohun tí mo ń sọ ni pé kó wáyé pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

OHUN TÍ ÌYÁ LÈ ṢE

1. Sọ ọ́ ṣáájú. Nígbà tí o bá ń lọ fún ìtọ́jú aboyún, sọ fún nọ́ọ̀sì tí ara rẹ bá balẹ̀ mọ́ pé àyẹ̀wò abẹ́ máa ń bà ọ́ lẹ́rù gan-an. Kò di dandan kí o ro gbogbo ìtàn. Bẹ̀ ẹ́ kó kọ ọ́ sí káàdì rẹ. Bí wọ́n bá dábẹ́ fún ọ, sọ ìyẹn náà.

2. Yan ẹni tí yóò dúró tì ọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn pé kí gbogbo obìnrin tó ń rọbí ní ẹnì kan tí òun fúnra rẹ̀ yàn. Béèrè lọ́wọ́ ilé ìwòsàn rẹ ṣáájú bóyá wọ́n gbà á. Níbi tí ìyá púpọ̀ bá ti wà nínú yàrá kan, wọ́n lè má gba ọkùnrin, ṣùgbọ́n wọ́n lè gba ìyá rẹ tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin.

3. Tọ̀ kí wọ́n tó wò ọ́. Bí ìtọ̀ bá kún inú, àyẹ̀wò á túbọ̀ ni ọ́ lára.

4. Jẹ́ kí inú tó ń mú ọ kọ́kọ́ rọlẹ̀. Sọ pé, "Ẹ jẹ́ kí èyí kọjá ná." Kí wọ́n sì fa aṣọ ìbòjú yí bẹ́ẹ̀dì ká.

5. Mí sínú, kí o wá mí síta díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń fẹ́ ọbẹ̀ gbígbóná. Nígbà tí èémí bá ń jáde ni kí wọ́n ti ìka wọlé. Tú ọwọ́ rẹ tí o di, má ṣe pa eyín pọ̀, jẹ́ kí ìdí rẹ wúwo lórí bẹ́ẹ̀dì. Bí ara bá le, á dùn ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

6. Ẹ jọ fẹnu kò sí ọ̀rọ̀ kan. Bí o bá wí pé "Ẹ dúró," kí ẹni náà dáwọ́ dúró. Mímọ̀ pé wọ́n á dúró máa ń fi ọkàn balẹ̀. Bí ìdùbúlẹ̀ gbalaja bá ń bà ọ́ lẹ́rù, béèrè bóyá o lè fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀.

7. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá pọ̀, o lè sọ pé ẹnì kan ṣoṣo ni o fẹ́ kó wò ọ́.

8. Béèrè èsì. "Kí lẹ rí? Ìgbà wo lẹ tún máa wò mí?" Ohun tí a bá mọ̀ kì í dẹ́rù bani tó ohun tó fara sin.

Ìkìlọ̀ kan rèé. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà lára aboyún kó tó bímọ, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ti ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀ nílé tàbí ní ilé àgbẹ̀bí. Ó lè jẹ́ pé ibi ọmọ ló wà níwájú, tí ọwọ́ bá sì kàn án, ẹ̀jẹ̀ lè ya bí omi. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lójú ẹsẹ̀.

IṢẸ́ ÌDÍLÉ ÀTI TI ÌJỌ

Ẹ̀yin ọkọ, ẹ béèrè lọ́wọ́ aya yín kí oṣù rẹ̀ tó pé: "Kí ló ń bà ọ́ lẹ́rù nínú ọ̀rọ̀ yìí?" Bó bá dáhùn, ẹ má fi rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin ìyá àti ìyá ọkọ, ẹ má sọ pé, "Ṣé ìwọ ni yóò kọ́kọ́ bímọ ni?" Òun kọ́ ni yóò kọ́kọ́ bímọ, ṣùgbọ́n ara tirẹ̀ ni ìrọbí ọ̀hún wà.

Nínú ìjọ, a fẹ́ràn láti gbàdúrà pé kí àwọn aboyún wa bímọ bí obìnrin Hébérù. Àmín ni mo ń ṣe sí i. Ṣùgbọ́n ẹnu ta ni ọ̀rọ̀ yẹn ti jáde nínú ìwé Ẹ́kísódù? Ẹnu Ṣífúrà àti Púà ni, àwọn agbẹ̀bí tó bẹ̀rù Ọlọ́run. Àdúrà tí a ń gbà gan-an, ọ̀dọ̀ agbẹ̀bí ló ti wá. Ẹ má ṣe lo àdúrà náà láti lé obìnrin kúrò lọ́dọ̀ agbẹ̀bí tó kọ́ṣẹ́.

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí tó wà láàárín wa, mo mọ̀ pé iṣẹ́ pọ̀, ọwọ́ kò sì tó. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni èmi náà, mo mọ bí ó ti ń rí nígbà tí ènìyàn bá tò sí iwájú ẹni. Ṣùgbọ́n "Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo fẹ́ wò yín, ṣé kí n máa bọ̀?" kò gba ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Ó lè jẹ́ òun ni obìnrin náà yóò rántí títí ọjọ́ ogbó.

Bí wọ́n bá sì hùwà àìdáa sí ẹnikẹ́ni, ẹ má ṣe bú gbogbo ilé ìwòsàn, ẹ má sì sọ pé ẹ kò ní padà síbẹ̀ mọ́. Ẹ kọ ọjọ́, àkókò àti ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì tàbí olórí ilé ìwòsàn. Ní ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀, ẹ béèrè ọ́fíìsì SERVICOM, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 2004 láti máa gbọ́ ẹjọ́ aráàlú. Ìwé tí a kọ ní pẹ̀lẹ́ máa ń dé ibi tí ariwo kò lè dé.

Ìkúnlẹ̀ abiyamọ ló bí gbogbo wa. Ẹ jẹ́ kí a bọ̀wọ̀ fún un láti ìgbà tí inú bá ti ń mú un, kì í ṣe ọjọ́ ìkómọ nìkan. Gbogbo aboyún tó wà láàárín wa, ẹ ó gbọ́ ohùn ìyá, ẹ ó gbọ́ ohùn ọmọ. Ọwọ́ tí yóò tọ́jú yín yóò jẹ́ ọwọ́ tó mọ́, ọwọ́ tó rọ̀, ọwọ́ tó ń béèrè. Àmín.