Ṣé Ọ̀dọ̀ Àwọn Àpọ́sítélì Ni Iṣẹ́ Ìyanu Parí Sí?
(Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba ní Òkè-Àgbè, Àkókó)

N kò ní jókòó ti ìtumọ̀ iṣẹ́ ìyanu, nítorí kò sí ẹni tó wà níhìn-ín tí kò mọ̀ pé ohun tí Atẹ́rẹrẹ-kárí-ayé fúnra rẹ̀ ṣe nígbà tí ọgbọ́n ọmọ aráyé pin ni à ń wí.

Benjamin Warfield, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Princeton ní Amẹ́ríkà, ní iṣẹ́ ìyanu ti parí. Nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1918 ni ó ti wí pé ẹ̀rí iṣẹ́ àwọn Àpọ́sítélì ni iṣẹ́ ìyanu, bí wọ́n sì ti sùn ni ẹ̀rí náà bá wọn wọlẹ̀. Ó pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ fà á, n kò sì ní jáwọ́ lónìí. Ní 1918 kan náà ni àrùn lùkúlùkú jà káàkiri ilẹ̀ wa, tí oníṣègùn kò rí i ṣe, tí àwọn onígbàgbọ́ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde kúnlẹ̀ àdúrà, tí ẹgbẹ́ aládùúrà fi ti ibẹ̀ hù.

Ẹ wá wo ọjọ́ 11 oṣù Ọ̀wàrà, 1928. Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ọmọ Odò-Ọwá, ń wa katakata iléeṣẹ́ ọ̀nà ìjọba lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́. Nígbà tí ó dé Ìkejì-Arákejì, ẹ̀rọ náà kọ̀, kò ṣiṣẹ́ mọ́, ó sì jẹ́rìí pé ohùn kan pe òun lórúkọ pé kí òun fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ kí òun lọ wàásù. Àwọn alátakò ní àlá ọ̀sán ni. Àlá ọ̀sán wo ni ó ń mú ọ̀dọ́mọkùnrin fi owó oṣù ìjọba sílẹ̀? Àlá ọ̀sán wo ni ó ń kó èrò jọ sí Òkè-Oyè ní Iléṣà ní oṣù Agẹmọ 1930, tí aláìsàn ń jẹ́rìí ìwòsàn, tí olóògùn ń kó oǹdè rẹ̀ wá sun? Ní 1932 wọ́n fi Babalọlá sẹ́wọ̀n oṣù 6 ní Bìní nítorí ìwàásù rẹ̀ nípa àjẹ́ ní Otuo, tí kò jìnnà sí wa. Ẹ̀wọ̀n kò pa iná náà. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Augustine ti Hippo pàápàá, bíṣọ́ọ̀bù ayé àtijọ́ kan tí ó kọ́kọ́ rò pé iṣẹ́ ìyanu ti tán, kọ ìwòsàn ìlú rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ ogbó.

Síbẹ̀, n kò fara mọ́ àwọn tó bá àwọn òyìnbó míṣọ́nnárì jà nítorí kíníìnì, oògùn ibà tí àwọn òyìnbó náà ń lò, títí ìjọ fi pín. Ìyá àgbà tó tọ́ mi ní Ọ̀kà a máa gbé omi àdúrà sórí pẹpẹ gíga, òun kan náà ló sì mú mi lọ gba abẹ́rẹ́ ní Ìkàrẹ́.



Alága ti ń wo aago. Bí a ṣe ń dá ayédèrú iṣẹ́ ìyanu mọ̀ ló kù, mo sì ní láti ké e kúrú: bí wọ́n bá ní ẹnìkan gba ìwòsàn, kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, kí a padà lọ kí i lẹ́yìn ọdún kan, kí a sì bi í léèrè iye tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀.