Ọrùn Tí Ó Gbé Orí: Ọ̀rọ̀ lórí Ọrùn Ríro àti Ìtọ́jú Rẹ̀



Gbogbo wa ni a ń fi obì àti omi tútù bọ Orí. Mélòó nínú wa ni ó ń rántí ọrùn tí ó gbé e? Orí àgbàlagbà wúwo tó bíi kílógíráàmù 5, eegun kéékèèké 7 péré ni ó sì wà nínú ọrùn tí ó rù ú. Bí ọrùn àgùnfọn ti gùn tó, eegun 7 náà ni tirẹ̀. Àárín àwọn eegun wọ̀nyí ni okùn tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ sí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ gbà kọjá.

Iṣẹ́ wa gan-an ń ni ọrùn lára. Awo tí ó tẹrí ba sórí ọpọ́n láti àárọ̀ di ọ̀sán, ọ̀dọ́ tí ó tẹjú mọ́ fóònù, ìyá tí ń ránṣọ, ẹni tí ìrọ̀rí rẹ̀ ga jù: ọ̀kan náà ni ọ̀ràn wọn. Bí orí bá ti ń tẹ̀ síwájú, bẹ́ẹ̀ ni ẹrù iṣan ọrùn ń pọ̀ sí i.

Ọ̀pọ̀ irú ìrora bẹ́ẹ̀ a máa lọ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Kí a má ṣe dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ pípẹ́. Kí a rọra máa yí ọrùn sọ́tùn-ún àti sósì níwọ̀n tí ara bá gbà. Kí a fi aṣọ tí a rì sínú omi lílọ́wọ́ẹ́rẹ́ lé e, kí a sì fi òrí pa á pẹ̀lú ọwọ́ fẹ́lẹ́. Kí awo máa dìde nàró láàárín oníbèérè kan sí èkejì.

Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá já bọ́ lórí ọ̀pẹ, tàbí tí ọkọ̀ gbá a, tí ọrùn sì ń dùn ún, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fa ọrùn náà, kò sì gbọdọ̀ lọ́ ọ. Eegun tí ó ṣẹ́ lè ba okùn yẹn jẹ́, kí ẹni náà sì di arọ títí ayé. Kí orí rẹ̀ má ṣe mì, kí a tètè wá oníṣègùn ìlé ìwòsàn. Bákan náà, ibà líle tí ó mú kí ọrùn gan lè jẹ́ àrùn yírùnyírùn, èyí tí ó lè pani láàárín ọjọ́ kan. Bí ọwọ́ bá ń kú tipiri, bí ẹsẹ̀ kò bá lágbára mọ́, bí ìtọ̀ bá ń dá jáde, tàbí bí àyà àti ọrùn bá jọ ń dunni, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀.

Àwọn kan ń wí pé awo tí ó bá rán aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn ti dójú ti Ifá. Rárá o. Ẹni tí ó mọ ibi tí ọwọ́ òun mọ ni awo. A ó rúbọ, ṣùgbọ́n ẹbọ kò gbọdọ̀ dá ọkọ̀ aláìsàn dúró.

Kí Orí wa má kọ̀ wá, kí ọrùn wa sì lágbára láti gbé e. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.