Bíbẹ Ẹni Tí Ó Wà Nínú Ẹ̀wọ̀n Wò: Ọ̀rọ̀ Tí A Sọ Ní Ìpàdé Ẹ̀ka Onitsha

  Àwa mẹ́ta tí ẹ rán lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n ni ẹ ní kí a wá jíṣẹ́. Ẹ sì ní kí a má ṣe fi mọ sórí owó tí a ná, kí a kọ́ àwọn tí kò ì tíì débẹ̀ rí bí a ti ń ṣe é. A ó jíṣẹ́ náà bí ó ti rí. Bí a bá sọ ohun tí kò dùn mọ́ ẹnì kan nínú, kí ó forí jì wá, nítorí ara wa ni a ó kọ́kọ́ bá wí.

Gbogbo yín ni ẹ mọ ọ̀ràn ọmọ náà. A kò ní dárúkọ rẹ̀ nínú ìwé. Ọmọ ogún ọdún ó lé díẹ̀ ni, ó ń bá ọ̀kan nínú wa gbé ẹrù láti Ọjà Ńlá lọ sí ibi tí ọkọ̀ ti ń kẹ́rù ní ẹsẹ̀ afárá. Ní alẹ́ ọjọ́ kan àwọn ọlọ́pàá kó òun àti àwọn mìíràn lójú pópó. Igbo tí ó gbọ́ kò ju èyí tí a fi ń nájà lọ, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò sì tó èyí tí a fi ń rojọ́. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún un, ó tẹ̀ka sí i. Wọ́n gbé e dé ilé ẹjọ́, adájọ́ ní kí ó mú onídùúró wá, kò rí ẹnì kankan, ni wọ́n bá mú un lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n kí ó máa dúró de ọjọ́ ìgbẹ́jọ́. Ó ti lo ọjọ́ mọ́kàndínlógún níbẹ̀ kí àwa tó gbọ́. Ọ̀gá rẹ̀ rò pé ó ti gbé owó ọjà sá lọ sílé. Ìyá rẹ̀ nílé rò pé ọwọ́ wa ni ó wà. Àwa ńkọ́? A kò tilẹ̀ ro nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ yàrá tí ọmọ náà ń sùn, ẹ̀yìn ilé akápò wa ni.

Bí ó ṣe ohun tí wọ́n fi kàn án, bí kò sì ṣe é, ìyẹn ń bẹ níwájú adájọ́, àwa kò ní bá adájọ́ dá a. Ṣùgbọ́n ní ìpàdé tí ó kọjá, àwọn kan nínú wa dìde, wọ́n ní ẹni tí ó bá ṣẹ̀ kí ó jìyà. A fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé nínú gbogbo àwọn tí ó wà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n ní orílẹ̀-èdè yìí, ó tó ìdá méjì nínú mẹ́ta tí adájọ́ kò ì tíì dá lẹ́bi ohunkóhun. Wọ́n ń dúró ni. Òmíràn ń dúró nítorí pé ẹjọ́ rẹ̀ le, òmíràn ń dúró nítorí pé kò sí ẹni tí ó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ti ọmọ wa yìí, irú kejì ni.

Ẹ jẹ́ kí a rántí ẹnì kan. Ní 1857, Samuel Ajayi Crowther bá ọkọ̀ gòkè Odò Ọya dé Onitsha yìí, òun àti J. C. Taylor, wọ́n sì fi ìdí iṣẹ́ ìjọ múlẹ̀. A máa ń fi í yangàn pé ọmọ Yorùbá ni. Ohun tí a kì í sábà sọ ni pé ní 1821 ni ogun kó Crowther ní Òṣogùn, nígbà tí ó wà lọ́mọdé, 1846 ni ó sì tó fojú kan ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n! Nígbà ayé tiwọn, kò sí ọkọ̀ akérò, kò sí tẹlifóònù. Àwa ní méjèèjì, ọjọ́ mọ́kàndínlógún sì kọjá lórí ọmọ tí ń gbé ẹ̀yìn ilé akápò.

Nísinsìnyí, ẹ̀rù tí ń ba àwọn mìíràn. Wọ́n ní bí àwọn bá lọ béèrè, wọ́n lè mú àwọn náà mọ́ ọn. A kò ní sọ pé irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n òfin ọlọ́pàá tí a ṣe ní 2020 sọ ọ́ kedere pé a kò gbọdọ̀ mú ẹnì kan dípò ẹlòmíràn. Òfin kan náà ni ó sọ pé a kò gbọdọ̀ mú ènìyàn nítorí gbèsè tàbí àdéhùn ọjà tí ó bàjẹ́, kí ẹ̀yin oníṣòwò kọ ìyẹn sí ẹ̀yìn ìwé ọjà yín. Òfin náà tún ní kí ọlọ́pàá fi tó ìbátan ẹni tí wọ́n mú létí, láìgba kọ́bọ̀. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999, ní ìpín 35, ní kí a sọ fún ẹni tí a mú, ní kíkọ sílẹ̀ àti ní èdè tí ó gbọ́, ìdí tí a fi mú un, kí wákàtí mẹ́rìnlélógún tó kọjá. Ó ní ó lè pa ẹnu rẹ̀ mọ́ títí yóò fi rí lọ́yà rẹ̀ tàbí ẹni tí ó bá yàn. Níbi tí ilé ẹjọ́ bá wà nítòsí, bí irú Onitsha tí ilé ẹjọ́ pọ̀ sí yìí, kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ kan lọ kí wọ́n tó gbé e débẹ̀. Ìpín 36 sì ní bí kò bá gbọ́ èdè tí wọ́n fi ń gbọ́ ẹjọ́ náà, kí a fún un ní ògbufọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọ wa kò mọ̀ pé òun lè béèrè. Bí ẹnì kan nínú wa bá wà ní kóòtù lọ́jọ́ náà, tí ó kàn nawọ́ sókè pé ọmọ yìí kò gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ, ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ gba ibòmíràn.

Ẹ̀kọ́ kìíní tí a kọ́ ní ẹnu ọ̀nà ọgbà, ọ̀rọ̀ orúkọ ni. A débẹ̀, a wọ aṣọ tí ó bójú mu, a kí àwọn wọ́dà, a dárúkọ ọmọ. Wọ́n ṣí ìwé, kò sí. Wọ́n tún un yẹ̀ wò, kò sí. Wọ́n ní kí a lọ béèrè ní Awka tàbí ní Aguata, nítorí wọ́n máa ń gbé ènìyàn láti ọgbà kan lọ sí òmíràn. A ti ń padà kí ìyá ẹgbẹ́ tí ó wà láàárín wa tó sọ pé kí a dúró ná. Ó pe ìyá ọmọ náà nílé lórí tẹlifóònù, ó béèrè oríkì rẹ̀. Ó wá bẹ ọ̀gá wọ́dà kan, àgbàlagbà tí ó ní sùúrù, pé kí ó bá òun rán ẹnì kan wọlé kí ó fi oríkì yẹn pè é. Kò pẹ́ tí a fi gbọ́ tí ẹnì kan dáhùn nínú lọ́hùn-ún. Sunday ni ó pe ara rẹ̀ fún àwọn ọlọ́pàá, nítorí pé orúkọ tí àwọn ará ọjà fi ń pè é nìyẹn, orúkọ bàbá rẹ̀ ni wọ́n sì kọ lódì. Nítorí náà, kí gbogbo ọ̀gá tí ó ní ọmọ iṣẹ́ kọ orúkọ rẹ̀ fún akọ̀wé wa: orúkọ ilé, orúkọ ọjà, oríkì, ìlú, àti nọ́ńbà ẹni kan nílé.

Ẹ̀kọ́ kejì, ẹ kọ́kọ́ lọ láì gbé nǹkan dání, kí ẹ béèrè ọjọ́ àti àkókò tí wọ́n ń gba àlejò, àti ohun tí wọ́n ń gbà wọlé. Àwa kò ṣe bẹ́ẹ̀, ni a fi gbé ìkòkò ọbẹ̀ padà wálé. Kí ẹ mú ìwé ìdánimọ̀ lọ́wọ́. Wọn yóò gba tẹlifóònù lọ́wọ́ yín, wọn yóò tú àpò yín, ẹ má bínú sí i. Bí oúnjẹ bá wọlé, wọ́n lè ní kí ẹ̀yin fúnra yín kọ́kọ́ tọ́ ọ wò lójú wọn. Ẹ tọ́ ọ wò. Ọṣẹ, pákò, gààrí, sálúbàtà, ṣòkòtò àbọ̀, ìwọ̀nyí wúlò ju adìẹ dídín lọ. Ọtí, abẹ, igbó, àti tẹlifóònù tí ẹnì kan bá ní kí ẹ bá òun fi há inú búrẹ́dì, a kò ní wí jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹni tí ó bá gbé e wọlé, ẹgbẹ́ kò mọ̀ ọ́n. Ní ti owó, àwọn ibì kan wà tí wọ́n ti ń tẹ́wọ́ fún nǹkan kí a tó ṣílẹ̀kùn. A mọ̀, ẹ̀yin náà mọ̀. Ohun tí a ṣe ni pé a ní ẹgbẹ́ ni ó rán wa, a sì gbọdọ̀ gba ìwé owó fún akápò. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì jẹ́ kí a wọlé.

Ọ̀rọ̀ tí a ó bá a sọ ni ó ṣòro jù. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n fún wa, wọ́dà dúró tì wá. Ọmọ náà ń sunkún, àwa ń ṣàánú, àkókò ń lọ. Nígbà tí a padà délé ni a rí i pé a kò béèrè ọjọ́ tí ẹjọ́ rẹ̀ tún máa wáyé, a kò sì béèrè kóòtù wo. Láti ìgbà náà a ń kọ ìbéèrè sínú ìwé pélébé kí a tó kúrò nílé. A máa ń kọ́kọ́ béèrè ara rẹ̀ bó ṣe le sí, lẹ́yìn náà ọjọ́ ẹjọ́, lẹ́yìn náà ohun tí ó fẹ́ kí a sọ nílé. A kì í tú inú ẹjọ́ náà palẹ̀ níbẹ̀. Ti lọ́yà nìyẹn.

Ìyá rẹ̀ kọ lẹ́tà sí i ní Yorùbá, ó fi rán wa. Kò wọlé. Kì í ṣe ìkà ni wọ́n fi ṣe é: òfin ọgbà ni pé kí wọ́n ka lẹ́tà kí ó tó dé ọwọ́ ẹlẹ́wọ̀n, kò sì sí ẹni tí ó lè ka Yorùbá lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Olùkọ́ wa kan túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, a so méjèèjì pọ̀, a gbé e fún òṣìṣẹ́ tí ń mójú tó ìgbé ayé àwọn ẹlẹ́wọ̀n, ó sì dé ọwọ́ ọmọ náà. Àwọn oníwàásù àti lémọ́ọ̀mù tí ń wọ inú ọgbà náà lè ranni lọ́wọ́, kí ẹni tí ó bá mọ̀ wọ́n sọ fún wa.

Nínú lẹ́tà náà ni ọ̀rọ̀ ikú bàbá rẹ̀ wà. A kò fohùn ṣọ̀kan lórí èyí. Ọ̀kan nínú wa ní kí a fi pamọ́ títí yóò fi jáde, pé ìbànújẹ́ inú ẹ̀wọ̀n kì í ní ibi tí yóò gbà jáde. Àwọn méjì ní ọmọkùnrin àgbà ni, kò yẹ kí ó jẹ́ òun ni yóò gbọ́ kẹ́yìn. A lọ sọ fún un fúnra wa kí lẹ́tà tó wọlé. Ó dákẹ́ títí, ó sì béèrè ẹni tí ó gbẹ́ sàréè. Títí di òní a kò mọ̀ bóyá a ṣe é re.

Kí ẹ má rò pé ọmọ tálákà nìkan ni irú èyí ń bá. Ní 1963 ni wọ́n dá ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá fún Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Calabar ni wọ́n sì gbé e lọ, ibi tí ó jìnnà sí Ìkẹ́nnẹ́ ju bí Onitsha ti jìnnà lọ. Oṣù Ògọ́sì 1966 ni wọ́n tó tú u sílẹ̀. Nelson Mandela ní erékùṣù Robben, lẹ́tà kan àti àlejò kan ní oṣù mẹ́fà ni wọ́n gbà fún un ní ìbẹ̀rẹ̀. Ní 2015 Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi orúkọ rẹ̀ pe ìlànà ìtọ́jú ẹlẹ́wọ̀n, ó sì wà nínú rẹ̀ pé kí a jẹ́ kí ẹlẹ́wọ̀n máa rí ará ilé rẹ̀, kí lẹ́tà sì máa lọ kí ó máa bọ̀. Àwa níhìn-ín, òfin wa ti 2019 ti yí orúkọ ilé-iṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n padà, ó ní ìtọ́jú àti àtúnṣe ìwà ni iṣẹ́ wọn. Ó dára. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni kò bá wá béèrè ọmọ lẹ́nu ọ̀nà, orúkọ tuntun kò ní pè é jáde.

Ní ti lọ́yà, ilé-iṣẹ́ ìjọba kan wà tí a dá sílẹ̀ ní 1976 láti máa gbèjà òtòṣì lọ́fẹ̀ẹ́, Legal Aid Council ni orúkọ rẹ̀, ó ní ọ́fíìsì ní Awka. A ti kọ̀wé sí wọn. Onídùúró ni ó kù. Adájọ́ fẹ́ ẹni tí ó ní ilé tàbí ilẹ̀ ní Onitsha, nínú wa níhìn-ín ẹni mẹ́rin ni ó ní. A ti bá méjì sọ̀rọ̀. Méjì yòókù, ẹ mọ ara yín, a ń bọ̀ wá kí yín.

Títí ẹjọ́ náà yóò fi wáyé, ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni a ó máa lọ, ẹni méjì lẹ́ẹ̀kan, kí ó má ba à jẹ́ pé ẹsẹ̀ àwọn mẹ́ta kan náà ni ó ń gbó. Ìwé wà lọ́wọ́ akọ̀wé, ẹ wá kọ orúkọ sí i kí ẹ tó jáde. Ọmọ náà ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá lẹ́tà ìyá rẹ̀ padà. Ojú ìwé kan ni, ó sì wà lọ́wọ́ wa. Ẹni tí ó bá ń lọ sílé ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, kí ó jọ̀wọ́ wá gbà á.