Ayùn Oníná Lọ́wọ́ Àwọn Gbẹ́nàgbẹ́nà Wa



Ọ̀pọ̀ nínú àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà wa ti fi ayùn ọwọ́ sílẹ̀, ayùn oníná ni wọ́n ń lò. Iṣẹ́ rẹ̀ yá, ṣùgbọ́n kò mọ ìyàtọ̀ igi sí ìka.

Ewu tí ó sún mọ́ wa jù wà nígbà tí iná bá lọ. Ayùn tí a kò pa yóò tún máa yí fúnra rẹ̀ bí iná bá dé lójijì. Nítorí náà, bí iná bá ti lọ, kí a pa á, kí a sì yọ ọ́ kúrò lára sọ́kẹ́ẹ̀tì. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni kí a ṣe kí a tó fọwọ́ kan eyín rẹ̀.

Wáyà tí ó bó, kí a pààrọ̀ rẹ̀. Kí ó má ṣe kọjá níwájú ayùn, kí ó má sì sùn sínú omi. Eyín tí ó kú a máa há sínú igi, a sì ta ayùn padà sí ẹni tí ó dì í mú. Ẹ pọ́n ọn, tàbí kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ayùn ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà, iná ibẹ̀ jẹ́ 120 volt, tiwa jẹ́ 230. Ẹ ka ohun tí a kọ sí i lára, kí ó má baà jóná.

Ìka mẹ́wàá ni Olódùmarè fún oníṣẹ́ ọwọ́. Kí ó fi mẹ́wẹ̀ẹ̀wá darúgbó.