Ẹ Fọwọ́ Kan Ilẹ̀ Kí Ẹ Tó Fọwọ́ Síwèé

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń jáde ní láábù ilẹ̀ wa lónìí, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Fún ẹni tó bá fẹ́ mọ ilẹ̀, Ìlaròó kì í ṣe ibi kékeré. Àwọn onímọ̀ àpáta fi orúkọ ìlú wa pe ìpele ilẹ̀: Ilaro Formation wà nínú ìwé, Ewekoro Formation náà wà níbẹ̀. Láti 1960 ni wọ́n ti ń fi òkúta ẹfun Ewékorò ṣe símẹ́ńtì. Ní 2012, ilé iṣẹ́ Dangote ṣí ibi ìṣe-símẹ́ńtì tirẹ̀ ní Ìbẹṣẹ̀. Símẹ́ńtì kò jìnnà sí wa rárá, síbẹ̀ ilé ń wó. Ilé alájà 21 tó wó ní Ìkòyí ní November 1, 2021, ó lé ní 40 ènìyàn tó bá a lọ.

Símẹ́ńtì nìkan kò lè gbé ilé dúró; ó yẹ kí a mọ ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀jọ̀gbọ́n S. A. Ola, tó ṣiṣẹ́ ní Zaria kó tó wá sí Àkúrẹ́, ló ṣàkójọ ìwé Tropical Soils of Nigeria in Engineering Practice, tó jáde ní 1983. Ohun tó mú mi fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ilẹ̀ tiwa ló gbájú mọ́. Ilẹ̀ àwọn ìlú olótùútù ni wọ́n fi kọ púpọ̀ nínú ìwé tí a jogún. Ilẹ̀ pupa wa kò gbọ́ èdè wọn: ẹ fi ààrò láábù gbẹ ẹ́, ẹ sá òmíràn sínú afẹ́fẹ́ lásán, èsì méjèèjì lè má bára mu. Ilẹ̀ dúdú apá Bọ̀nú tún yàtọ̀. Á wú lásìkò òjò, á sì là lọ́gbẹlẹ̀.

Ẹ má gbàgbé ìdánwò tó dà bí eré ọmọdé, tí à ń pè ní plastic limit. Ẹ bu amọ̀ tútù díẹ̀, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ yí i lórí gíláàsì títí á fi tín-ín-rín bí okùn, mìlímítà 3 péré. Ìgbà tó bá ń já wẹ́wẹ́ níbẹ̀, ẹ wọn omi inú rẹ̀. Atterberg, ará Sweden, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1911. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni yíyí amọ̀ náà ń gbà, ṣùgbọ́n ìdánwò náà wà lára ohun tó máa ń fi amọ̀ tí yóò sán ògiri ilé onílé hàn yín. (Ọwọ́ á dọ̀tí. Ẹni tí kò fẹ́ kọ́wọ́ òun dọ̀tí, iṣẹ́ báńkì wà.)

Ẹ óò dé Ayétòrò, ẹ óò dé Ìdí-Ìrókò, kọngílá á sì sọ pé, “Ẹnjiníà, ẹ ṣáà kọ ọ́ pé ilẹ̀ yìí le.” Ó lè má fẹ́ dúró de ọjọ́ 28 tí kọnkéré fi ń gba agbára. Ó lè bu omi kún un kó lè rọrùn fún àwọn lébìrà láti dà. Iye tí ẹ bá wọ̀n ni kí ẹ kọ. Bó bá bínú, ẹ jẹ́ kó bínú. Bí ilẹ̀ kan bá rú yín lójú, ẹ dì í sínú báàgì, kí ẹ gbé e wá fún wa. Láábù yìí ṣì jẹ́ tiyín.